Fídíò Inú Fóònù Kì í Ṣe Àfojúbà

Ní ọdún 2019, iléeṣẹ́ Disney gbé fíìmù The Lion King tuntun jáde. Kìnnìún ń bú ramúramù, koríko ọ̀dàn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, eruku ń sọ lálá lábẹ́ pátákò ẹranko. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò búra pé wọ́n gbé kámẹ́rà lọ sínú igbó Áfíríkà ni. Lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde, Jon Favreau tó darí rẹ̀ tú àṣírí kan síta: ìran 1,490 ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà dá nínú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kámẹ́rà yà ní ilẹ̀ Áfíríkà ní tòótọ́. Ẹyọ náà ni ìran tó ṣí fíìmù, níbi tí oòrùn ti ń yọ. Favreau ní òun dọ́gbọ́n fi í síbẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni yóò fura.

Bí wọ́n bá kó gbogbo ìran náà síwájú wa, tí wọ́n ní ká tọ́ka sí èyí tó jẹ́ òótọ́ láàárín wọn, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n? Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé fíìmù làwọn wá wò, nítorí náà kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n irú ọgbọ́n tí wọ́n fi dá kìnnìún yìí ni àwọn kan fi ń dá ogun tí kò jà, bàálù tí kò já, àti ọ̀rọ̀ tí olórí orílẹ̀-èdè kò sọ. Ìyẹn kì í dúró de ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orí WhatsApp ló ń gbà wọlé, láàárọ̀ kùtù, láti ọwọ́ ẹni tí a fọkàn tán: ẹ̀gbọ́n wa, ará ìjọ wa, ọmọ kíláàsì wa àtijọ́.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yẹ̀ di òní. Àwa la ṣi fídíò kà mọ́ àfojúbà. Ẹni tó dúró níbi iná tó ń jó, tí ooru rẹ̀ ń ta á lójú, ìyẹn ló fojú bà á. Ẹni tó rí i lójú fóònù, ìròyìn ló gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ló fi gbọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: fídíò tó bá wọ inú fóònù wa, oníròyìn ni. Bí a ṣe ń bi oníròyìn pé ta ló rán an, ibo ló ti gbọ́ ọ, ta ló tún wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ká máa bi fídíò.

Ìmọ́lẹ̀ ni pàtàkì iṣẹ́ náà

Kí a tó mọ ibi tí ọwọ́ kọ̀ǹpútà ti kúrú, ó yẹ ká mọ ibi tó gùn dé. Olórí iṣẹ́ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà dá àwòrán ni láti ṣírò ìrìn ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ràn sára ògiri. Díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà ta padà sára aṣọ ẹni tó dúró nítòsí. Ti ara aṣọ tún ta sílẹ̀, àwọ̀ aṣọ náà a sì hàn fírífírí lórí ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tọpa gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1986 ni James Kajiya kọ ìṣirò kan tó kó ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sójú kan, ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ kọjá kí agbára kọ̀ǹpútà tó ká a fún odidi fíìmù.

Ohun tí kò ní ẹ̀mí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe tó jọ ọ́. Iléeṣẹ́ IKEA ti ilẹ̀ Sweden, tó ń ta àga àti tábìlì káàkiri ayé, fi kọ̀ǹpútà dá àwòrán àga onígi kan tí wọ́n ń pè ní Bertil ní ọdún 2006. Nígbà tó fi máa di ọdún 2014, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwòrán ọjà wọn ni kámẹ́rà kò yà rárá. Àwọn ènìyàn ń wo ìwé ọjà náà, wọ́n ń yan àga tí wọn yóò rà nínú àwòrán àga tí ẹnikẹ́ni kò gbé síwájú kámẹ́rà.

Awọ ara ènìyàn ló le jù. Ìmọ́lẹ̀ kì í ta padà lójú awọ bó ṣe ń ta padà lára irin. Ó máa ń wọ inú awọ lọ díẹ̀, á rìn káàkiri nínú ẹran ara, kó tó jáde níbòmíràn. Ẹ wọ inú òkùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ìka yín, ẹ ó rí i tí etí ìka náà yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń ṣírò èyí, ojú ènìyàn inú kọ̀ǹpútà máa ń dán bí ike ni. Henrik Wann Jensen, Stephen Marschner àti Pat Hanrahan wà lára àwọn tó gbé ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni aráyé rí i lára Gollum, ẹ̀dá tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dá nínú fíìmù The Two Towers, nígbà tó sì di ọdún 2004, àwọn tó ń fúnni ní ẹ̀bùn Oscar fi ẹ̀bùn ìmọ̀ ẹ̀rọ dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́lá. Láti ìgbà náà ni ojú ènìyàn tí kọ̀ǹpútà dá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀jẹ̀ lára.

Òkùnkùn ni irọ́ ń sá sí

Irú iṣẹ́ báyìí gba owó rẹpẹtẹ, ó gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ó sì gba ọdún. Ẹni tó fẹ́ parọ́ ogun kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Géèmù ló ń lò.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Arma 3, tí iléeṣẹ́ Bohemia Interactive ti ìlú Prague, lórílẹ̀-èdè Czech, gbé jáde ní ọdún 2013. Ẹni tó bá ra géèmù náà lè kó aṣọ ogun, ọkọ̀ ogun àti ilẹ̀ orílẹ̀-èdè tó bá wù ú sínú rẹ̀, kó sì gbé ìjà kalẹ̀ bó ṣe fẹ́. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine gbóná, fídíò inú géèmù yìí ń jà ràn-ìn kiri bí ìròyìn ojú ogun, débi pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ̀wé síta láti kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe lè dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ̀. Wọ́n ní àwọn ń fẹjọ́ irú fídíò bẹ́ẹ̀ sun àwọn tó ni ojú òpó tí wọ́n ti ń gbé e, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ọ̀kan kúrò, mẹ́wàá mìíràn ń gorí ẹ̀rọ ayélujára.

Àwọn àmì tí wọ́n kà sílẹ̀ tó ẹ̀kọ́. Fídíò náà kì í mọ́, àfi bíi pé fóònù tó ti gbó ni wọ́n fi yà á. Ó máa ń mì jìgìjìgì. Òru ló sábà máa ń jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní ohùn. A kì í rí ènìyàn tó ń rìn tàbí tó ń sáré nínú rẹ̀, nítorí pé géèmù mọ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn ju bí ènìyàn ṣe ń rìn lọ. Èéfín, iná àti eruku kì í rí bó ṣe yẹ. Nígbà mìíràn, àmì inú géèmù, bí iye ọta ìbọn tó kù, a ṣì yọ ní igun kan.

Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì yìí ló jẹ́ ọ̀nà ìfarapamọ́. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fíìmù ń wá bí àwòrán yóò ṣe mọ́ rekete. Ẹni tó ń fi í parọ́ ń wá bí yóò ṣe ṣú dùdù. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń rí wa mú, nítorí pé nígbà tí a bá rí fídíò tó ṣókùnkùn, tó ń mì, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ẹni tó yà á wà nínú ewu, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Àánú rẹ̀ a ṣe wá, a ó sì gbàgbé láti bi í ní ìbéèrè. Nítorí náà, bí fídíò bá ṣe ṣókùnkùn tó ni kí ìfura wa ṣe pọ̀ tó.

Àwọn tó ti kó sí i

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kan sáfẹ́fẹ́ lórí àjọṣe Gaddafi ti Líbíyà pẹ̀lú ẹgbẹ́ ajìjàgbara IRA. Wọ́n fi ìran kan hàn tí wọ́n ti ń yìnbọn lu hẹlikópítà, wọ́n sì ní fíìmù tí IRA yà ní ọdún 1988 ni. Àwọn tó ń fi géèmù ṣeré ló kọ́kọ́ pariwo pé inú Arma 2, ẹ̀gbọ́n Arma 3, ni ìran náà ti wá. Ofcom, àjọ tó ń mójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, dá ITV lẹ́bi ní ọdún 2012 pé wọ́n ṣi àwọn òǹwòran lọ́nà. Iléeṣẹ́ ńlá ni, àwọn olóòtú rẹ̀ kò kéré níye, síbẹ̀ géèmù kọjá lábẹ́ imú gbogbo wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Rọ́ṣíà gbé àwọn àwòrán kan síta, wọ́n ní ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè já ní koro nìyí pé Amẹ́ríkà ń ran àwọn ọmọ ogun ISIS lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò àwòrán lórí ẹ̀rọ ayélujára kò jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ géèmù orí fóònù, AC-130 Gunship Simulator. Ẹni tó gé àwòrán náà kò tilẹ̀ gé e tán: díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ṣe géèmù náà kọ sórí rẹ̀, pé iṣẹ́ náà kò tíì parí, ṣì hàn níbẹ̀. Àwọn àwòrán yòókù jẹ́ fídíò àtijọ́ láti ilẹ̀ Iraq. Iléeṣẹ́ náà yọ wọ́n kúrò, wọ́n sì di ẹ̀bi náà ru òṣìṣẹ́ kan.

Ukraine náà kò yọ sílẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, ìtàn awakọ̀ òfurufú kan tí wọ́n ní ó ń já bàálù Rọ́ṣíà lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan gba ìgboro. Fídíò kan tẹ̀ lé ìtàn náà, àwọn aláṣẹ ètò ààbò Ukraine pàápàá sì pín in. Inú DCS World, géèmù ìwakọ̀ òfurufú, ni fídíò náà ti jáde. Ẹni tó ṣe é tilẹ̀ ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé géèmù ni. Ṣùgbọ́n bí fídíò ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, àlàyé abẹ́ rẹ̀ já sọ́nà. Ní òpin oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn ọmọ ogun òfurufú Ukraine jẹ́wọ́ pé ìtàn àròsọ ni akọni náà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ irọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ṣe é kò parọ́, ẹni tó gbé e kiri ló parọ́ mọ́ ọn.

Ohun tí ojú ń wá, ohun tí etí ń gbọ́

Síbẹ̀, ó ní ohun tí ẹni tó bá fara balẹ̀ lè rí. Ẹ wo ìwọ̀n ìwúwo. Mọ́tò tó bá tẹ bíréèkì lójijì, imú rẹ̀ máa ń tẹ̀ wálẹ̀. Táyà tó gun òkúta máa ń mì gbogbo ara ọkọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fura. Ẹ wo òjìji. Hany Farid, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀kan nínú ọ̀nà rẹ̀ kò sì ṣòro yé: ẹ fa ìlà láti ibì kan lórí òjìji lọ sí ibi tó bá a mu lára ohun tó ni òjìji náà. Ẹ ṣe é fún ohun mélòó kan nínú àwòrán kan náà. Bó bá jẹ́ oòrùn kan ṣoṣo ló tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo wọn, ojú kan ni gbogbo ìlà náà gbọ́dọ̀ pàdé.

Kí ẹ tún gbọ́ ohùn. Ìmọ́lẹ̀ ń yára ju ohùn lọ, ìdí nìyẹn tí mànàmáná fi ń ṣáájú àrá. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun kan bá bú gbàmù ní ìwọ̀n kìlómítà kan sí ẹni tó ń ya fídíò, ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́yìn iná kí ariwo tó dé. Bí iná àti ariwo bá dé pa pọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó yẹ kí ara fu wa.

Ìbúgbàmù tó wáyé ní ìlú Beirut, lórílẹ̀-èdè Lebanon, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2020 kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ náà ní kíkún. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2,750 kẹ́míkà ammonium nitrate ló bú ní èbúté, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 200. Àwọn tó wà lókè ilé, lójú títì àti lórí omi ló yà á, oníkálukú láti ibi tó dúró sí. Nínú fídíò àwọn tó jìnnà, ẹ ó rí ìkùukùu funfun tó wú bíi agbada kí ariwo tó dé, kí kámẹ́rà tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí tí kò mọ ara wọn ló jẹ́rìí sí ohun kan náà. Kò pẹ́ tí fídíò mìíràn jáde, tí wọ́n ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà bíi nẹ́gátíìfù fọ́tò, níbi tí ọta ńlá kan ti ń já bọ́ láti ojú ọ̀run sórí èbúté. Àwọn aṣàyẹ̀wò wá fídíò tí wọ́n fi ṣe é rí, ọta kankan kò sí nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nínú gbogbo àwọn tó ya ìjàǹbá náà, fídíò kan yẹn nìkan ló ní ọta. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú wa fura.

Ojú nìkan kò tó mọ́

Àwọn àmì tí mo kà wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n kò yẹ ká fi wọ́n tan ara wa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dín kù. Ní ọdún 2022, Sophie Nightingale àti Hany Farid tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ojú ènìyàn tòótọ́ àti èyí tí AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, dá han àwọn ènìyàn 315, wọ́n ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 48 péré ni wọ́n gbà. Ẹni tó dijú tó ń ta owó ẹyọ sókè ìbá ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn mìíràn ní ohun tí wọn yóò máa wò, ó gbéra díẹ̀ sí 59. Èyí tó tún bani lẹ́rù ni pé àwọn òǹwòran fọkàn tán ojú àtọwọ́dá ju ti ènìyàn gidi lọ.

Ní ilẹ̀ wa, Malik Afegbua, aṣe-fíìmù-jáde tó ń gbé ní Èkó, fi AI dá àwòrán àwọn àgbàlagbà tó wọ aṣọ ẹ̀yẹ, tí wọ́n ń rìn níwájú èrò níbi àfihàn aṣọ ìgbàlódé, ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹwà àwọn bàbá àti ìyá náà tàn dé gbogbo ayé, àwọn kan sì gbà pé wọ́n ṣe àfihàn náà lóòótọ́. Afegbua kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé AI ni òun lò, ó sì fẹ́ kí a tún ojú tí a fi ń wo àwọn àgbà ṣe. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ẹni tó ń sọ òótọ́ bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká retí lọ́wọ́ òpùrọ́?

Òótọ́ tí wọ́n pè ní irọ́

Ewu kan tún wà lódìkejì, mi ò sì fẹ́ ká fojú kéré rẹ̀. Bí ìfura bá pọ̀ jù, òótọ́ pàápàá kò ní rí ibi sá sí. Ali Bongo, tó jẹ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè Gabon nígbà náà, ṣàìsàn ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ó sì pẹ́ tí àwọn ará ìlú kò fi rí i. Nígbà tó bá wọn sọ̀rọ̀ ọdún tuntun nínú fídíò, ojú rẹ̀ kò rí bí ti àtẹ̀yìnwá, apá rẹ̀ kò sì gbé dáadáa. Àwọn kan ní ayédèrú ni, pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi dá a. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn ọmọ ogun kan gbìyànjú láti gba ìjọba, wọ́n sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ ọdún tuntun náà. Àwọn onímọ̀ tó yẹ fídíò náà wò kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ayédèrú ni. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ni aráyé ń wò.

Àpẹẹrẹ tó tún wọ̀ mí lọ́kàn ni ti òṣùpá. Àwọn tó ní Amẹ́ríkà kò dé òṣùpá ní ọdún 1969 máa ń tọ́ka sí fọ́tò Buzz Aldrin níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Oòrùn wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, inú òjìji ni Aldrin wà, síbẹ̀ ara rẹ̀ hàn kedere. Wọ́n ní iná sítúdíò ni. Ní ọdún 2014, iléeṣẹ́ Nvidia, tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà fún àwòrán, tún gbogbo ibẹ̀ kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣírò ìrìn ìmọ́lẹ̀. Erùpẹ̀ òṣùpá ló ń ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sára Aldrin. Aṣọ funfun Neil Armstrong, tó dúró tó ń ya fọ́tò, sì fi tirẹ̀ kún un. Kò sí iná sítúdíò kankan. Ìṣirò kan náà tí wọ́n fi ń dá ayédèrú ni wọ́n fi gba òótọ́ sílẹ̀.

Bí a ṣe ń bi fídíò léèrè

Bí fídíò tó ń dẹ́rù bani bá dé, ẹ kọ́kọ́ dúró. Ẹ bi í pé ta ló yà á: orúkọ ẹni náà ńkọ́, ìlú wo ló wà, ọjọ́ wo ni? Bí ìdáhùn kò bá sí ju pé wọ́n fi ránṣẹ́ lọ, ìdáhùn nìyẹn. Ẹ dá fídíò náà dúró níbi tó mọ́ jù, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù, kí ẹ sì fi Google Lens wá a. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ẹ ó rí i pé ó ti wà lórí YouTube láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, pẹ̀lú orúkọ géèmù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹlòmíràn ya ìṣẹ̀lẹ̀ náà láti ibòmíràn, nítorí pé ní ayé fóònù yìí, ohun ńlá kì í ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú kí ẹnì kan ṣoṣo yà á. Àwọn àjọ bíi Dubawa àti FactCheckHub wà ní Nàìjíríà níbí tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyí; ẹ yẹ ojú òpó wọn wò.

Bó bá jẹ́ pé àgbà ló fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́, kò yẹ ká já a nírọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ kàn sí i ní kọ̀rọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àníyàn wa o. Fídíò àárọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi ránṣẹ́ sí yín? Mo rí i pé géèmù ni, ọdún tó ti pẹ́ ni wọ́n ti gbé e síta.” Ọ̀pọ̀ àgbà tí a bá fi ọ̀wọ̀ bá sọ̀rọ̀ báyìí ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kúrò, tí yóò sì sọ fún àwọn yòókù.

Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Fídíò kan ṣoṣo tí kò ní olúwa, ẹjọ́ ẹnìkan ni. Àwọn ènìyàn ti gbé ìbọn nítorí àwòrán tí wọn kò yẹ̀ wò. Àwọn mìíràn ti sọ pé òkú tòótọ́ kò kú nítorí pé ìfura ti gbà wọ́n lọ́kàn. Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá ka èyí: kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ wádìí ibi tó ti wá. Bí ẹ kò bá sì rí ibi tó ti wá, ẹ jẹ́ kó parí lọ́wọ́ yín.